Bí Wọ́n Ṣe Gbà fún Mardiyah, Tí Wọ́n sì Gba Ìràwọ̀ Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ohun tó ń bí Mardiyah Fábíyìí nínú jù lọ kì í ṣe pé wọ́n tàn án jẹ. Ta ni wọn ò tíì tàn jẹ rí? Ohun tó ń ta á lọ́kàn bí ata tó bọ́ sójú ni pé ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó kúnlẹ̀ fún bàbá rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Ó tún gba ọ̀nà Ìkòròdú lọ, ó kúnlẹ̀ fún bàbá ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé gan-an ni, sà, ẹ ó jèrè ọmọ." Àwọn méjèèjì sì gba ọpẹ́ náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbàdúrà lé e lórí, bẹ́ẹ̀ wọ́n mọ ohun tí wọ́n ti yọ́ mú lọ́wọ́ ọmọ náà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ náà láti ibi tó ti dùn, kí ẹ lè mọ ìdí tí kíkorò rẹ̀ fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Orí ọkọ̀ ojú omi ni Mardiyah àti Mojúbàolú ti pàdé, ọkọ̀ tó máa ń kó àwọn òṣìṣẹ́ láti èbúté Ìpakodò ní Ìkòròdú lọ sí Èkó láàárọ̀. Mardiyah ń gbé lọ́dọ̀ Àǹtí Rùkáyàt, àbúrò ìyá rẹ̀, ní Lásùnwọ̀n ní Ìkòròdú, nítorí pé láti Ẹ̀pẹ́ dé yunifásítì tó ti ń ka ìwé físíìsì kì í ṣe ìrìn ojoojúmọ́. Oyè ọ̀mọ̀wé ló ń lé. Mojúbàolú Ajíbóyè ní tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ilé iṣẹ́ adójútòfò kan ní Èkó. Ará Ìkìrun ni àwọn òbí rẹ̀, wọ́n ti fi Ìkòròdú ṣe ilé tipẹ́, ilé wọn sì wà nínú ẹsíteètì kan lẹ́yìn Ìta Màgá.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, Mardiyah ṣí láàpùtọ́ọ̀pù rẹ̀ sórí itan, ó tẹjú mọ́ àwòrán kan. Ọkùnrin tó jókòó tì í na ọrùn.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ̀ ń wò yẹn? Ojú ológbò ni?"

Mardiyah bojú wò ó. Ó fẹ́ bínú pé ta ni ó ń yọjú sóhun tí kò kàn án, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló pa á. "Orúkọ tí wọ́n ń pè é gan-an nìyẹn. Ojú Ológbò. Ta ló sọ fún yín?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi o. Ohun tó jọ ni mo sọ."

"Ìràwọ̀ tó ti darúgbó ni. Irú oòrùn tiwa yìí náà ni. Tó bá ti dàgbà, á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ara rẹ̀ dànù díẹ̀díẹ̀. Gáàsì tó kọ́kọ́ fẹ́ dànù á ti lọ jìnnà. Èyí tó fẹ́ kẹ́yìn ló ń tàn láàárín tẹ́ ẹ rí bí ẹyinjú yìí. Ẹ wá wo ìta rẹ̀ níbí."

Mojúbàolú wò ó títí ó fi rí i. Agbo kan yí ojú ológbò náà ká, ó fẹ̀ jù ú lọ fíìfíì, ó rí wúruwùru bí èéfín tó ń parẹ́ lọ.

"Agbo gáàsì yẹn niṣẹ́ mi," ni Mardiyah wí.

"Á ti tutù ná. Ohun tó bá jìnnà sí iná, ṣebí tútù ló ń tutù."

"Gbogbo èèyàn ló máa sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n wọ̀n ọ́n, ó gbóná ju àárín lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì."

"Irọ́!"

"Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún ìràwọ̀ pé irọ́ ló ń pa."

Ọkọ̀ gúnlẹ̀, àwọn èrò dìde. Mojúbàolú kò dìde. "Ẹ ò tíì sọ ìdí tó fi gbóná."

"Ẹ wọ ọkọ̀ yìí lọ́la."

Ó wọ̀ ọ́ lọ́la. Ó wọ̀ ọ́ lọ́túnla. Kí ó tó di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti fi "ẹ" sílẹ̀, wọ́n ń pe ara wọn ní "ìwọ". Mardiyah ṣàlàyé fún un pé gáàsì àárín máa ń gba ìmọ́lẹ̀ tó rọ̀, èyí tó le jù ló ń kọjá lọ bá gáàsì ìta. Ó ní gáàsì ìta náà ti fọ́n ká ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn ẹ̀yà rẹ̀ kì í tètè pàdé ara wọn, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí wọ́n bá kọlu ara wọn ni wọ́n tó ń rí ooru tú síta. Ooru wọlé, kò rí ilẹ̀kùn jáde. Ó wá sọ èyí tó jẹ́ ti òun gan-an: pé ooru agbo náà ń yí padà bí ìgbà ṣe ń lọ, àti pé ẹni tó bá wọ̀n ọ́n dáadáa lè mọ bó ti pẹ́ tó tí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ náà ti kọ́kọ́ dé bá a. Ìṣirò ló fi rí i. Ó ku kí ó lọ fi awò ńlá tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀ wò ó.

Ọkùnrin mìíràn á ti máa yán. Mojúbàolú ń béèrè. Nígbà tí láàpùtọ́ọ̀pù ògbólógbòó Mardiyah ń kú láàárín ìṣirò, Mojúbàolú ṣa àfọ́kù kọ̀ǹpútà jọ, ó tò wọ́n pọ̀ ní iyàrá rẹ̀, ó ní kí ìṣirò náà máa ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Bí iná bá lọ, òun fúnra rẹ̀ ló ń sáré lọ bu epo sí jẹnẹrétọ̀. Ìyá rẹ̀ á pariwo láti pálọ̀ pé, "Mojúbà, kí lò ń sè nínú iyàrá yẹn tí kì í jinná?" Bí Mardiyah bá rántí èyí lẹ́yìn náà, ńṣe ni inú rẹ̀ ń ru sí i. Kì í ṣe ọkùnrin tí kò mọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́ fún un ló dà á. Èyí tó mọ̀ ni.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ di ti ìgbéyàwó, ojú àwọn àgbà yí padà. Bàbá Mardiyah, Alhaji Fábíyìí, jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń kan ọkọ̀ ojú omi létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, àfi tó bá kan ẹ̀sìn.

"Kìrìsìtẹ́nì? Ìwọ Mardiyah? Ṣé kò sí Mùsùlùmí mọ́ láti Ẹ̀pẹ́ dé Ìkòròdú ni?"

Ní Ìkòròdú, Ìyáàfin Ajíbóyè ju gèlè rẹ̀ sórí àga. "Ọmọ Ìmàle? Ṣé àwọn ọmọge ṣọ́ọ̀ṣì wa ti tán ni? Mojúbà, kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́?" Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè kò tiẹ̀ pariwo. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Kò lè ṣeé ṣe," ó tún gbé ìwé ìròyìn rẹ̀.

Ó lé ní ọdún kan tí ọ̀rọ̀ náà fi dúró sójú kan. Àǹtí Rùkáyàt ló gba iṣẹ́ alárinà. Obìnrin yìí lè bá òkúta sọ̀rọ̀ kí òkúta dáhùn. Lónìí ó wà ní Ẹ̀pẹ́, ó ń fi ọ̀rọ̀ dídùn pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyá Mardiyah, lórí ní ìsọ̀ ẹja rẹ̀ ní Ọjà Olúwo, kí ìyẹn lè ráyè bá Alhaji sọ̀rọ̀. Lọ́la ó wà lẹ́yìn Ìta Màgá, ó ń bá Ìyáàfin Ajíbóyè yin àwọn òdòdó tó gbìn síwájú ilé.

Láàárín ìgbà yìí ni ìròyìn ayọ̀ dé bá Mardiyah láti ibòmíràn. Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó awò ńlá kan lórí òkè ní erékùṣù kan nílẹ̀ Sípéènì yan iṣẹ́ rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Wọ́n ní kí ó wá lo oṣù mẹ́fà, ní àsìkò tí Ojú Ológbò máa ń ga lójú sánmà, kí ó wọn ooru àwọn agbo náà fúnra rẹ̀. Mojúbàolú gbé e sókè láàárín èbúté, àwọn èrò pàtẹ́wọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Àǹtí Rùkáyàt wọlé pẹ̀lú ijó. "Wọ́n ti gbà o! Mardiyah, bàbá rẹ gbà, bàbá Mojúbà gbà! O ò ní kúrò nínú ẹ̀sìn rẹ, òun náà ò ní kúrò nínú tirẹ̀. Ní ilé ìjọba lẹ ó ti ṣègbéyàwó. Gbogbo ẹ̀ ti parí!"

Mardiyah sunkún ayọ̀. Ìgbà yẹn ló lọ kúnlẹ̀ kiri.

Nígbà tó lọ gba ìwé tí yóò fi béèrè físà lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéòjó, ó bá ọkùnrin náà tó ń mu tíì. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbójú sókè bí ẹni tí ẹnu yà.

"Ìwé wo? Ṣebí o ti ní o ò lọ mọ́?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀, sà?"

"Bàbá ọkọ rẹ wá síbí. Òun àti ọmọ rẹ̀ ni wọ́n jọ wá. Wọ́n pe bàbá rẹ ní Ẹ̀pẹ́, èmi náà sì bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Wọ́n ní ìgbéyàwó ti dé, pé kò bójú mu kí ìyàwó tuntun máa gbé lókè òkun. Mo tiẹ̀ bá wọn yọ̀. Mo ti fi orúkọ Dùnsìn rọ́pò tìrẹ."

Dùnsìn ni ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sẹ́nu ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé, tí Mardiyah ń kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń ka àwòrán ìràwọ̀.

"Sà, ṣé ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi?"

"Bàbá rẹ ni, Mardiyah. Kí ni kí n tún bi ọ́?"

"Bàbá mi kọ́ ló ṣírò ooru gáàsì yẹn, sà."

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé ife tíì sílẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ìdílé ni. Mi ò fẹ́ dá sí i."

"Ẹ ti dá sí i. Ẹ kọ lẹ́tà mìíràn sí ìgbìmọ̀ náà, kí ẹ sọ pé ẹ ṣe àṣìṣe. Mi ò ní dìde níbí títí ẹ ó fi kọ ọ́."

"Ṣé èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ báyìí?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ má bínú, sà. Ṣùgbọ́n mi ò ní dìde."

Kò dìde lóòótọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ilẹ̀kùn, wọ́n yọjú, wọ́n padà. Nígbà tó sú Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó fa kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ra, ó ń kùn, ó sì kọ ọ́. Ó ní òun ò mọ̀ bóyá wọ́n á gbà. Mardiyah dúpẹ́. Bó ti ń jáde ni inú tún bí i pé òun tún ti dúpẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló dúró de Mojúbàolú ní Ìpakodò. Ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, ó rí ojú rẹ̀, ẹ̀rín náà sì kú.

"O ti gbọ́," ló ní.

"O fẹ́ sọ fún mi lọ́jọ́ wo?"

"Lẹ́yìn ìgbéyàwó. Mo rò pé tá a bá ti wọlé tán, ọdún tó ń bọ̀ wà ńbẹ̀. Dádì ní àyàfi bẹ́ẹ̀ làwọn fi máa gbà. Bàbá rẹ náà sọ ohun kan náà. Mardiyah, ó lé lọ́dún kan! Mo rò pé a ò ní rí ọ̀nà mìíràn. Ìràwọ̀ tó ti wà kí wọ́n tó dá wa, ọdún kan kí ni yóò ṣe fún un?"

"Ìràwọ̀ lo rò. Èmi ńkọ́?"

"Nítorí tìẹ ni mo ṣe—"

"Má sọ ọ́! Má sọ pé nítorí mi ni. Bí bàbá mi bá ṣe é, mo lè ní kò mọ ohun tí mò ń ṣe. Bí bàbá rẹ bá ṣe é, mo lè ní kò fẹ́ràn mi. Ìwọ mọ̀. Ìwọ lo bu epo sí jẹnẹrétọ̀!"

Àwọn tó ń kọjá ti ń dúró wò wọ́n. Mojúbàolú na ọwọ́, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Jọ̀ọ́, fara balẹ̀. Mo mọ̀ pé inú rẹ ń gbóná bíi ti gáàsì yẹn—"

"Má fi iṣẹ́ mi pa òwe fún mi!"

Ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Nílé, Àǹtí Rùkáyàt kò sẹ́ pé òun mọ̀. Ó ń ṣa ẹ̀wà, kò gbójú sókè. "Mo fẹ́ kí ó bọ́ sí i fún ọ ni. Ọkùnrin tó ń gbọ́rọ̀ síni lẹ́nu ò pọ̀ nígboro. O sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ṣé ìràwọ̀ ló máa pè ọ́ ní ìyá?"

Òótọ́ inú ọ̀rọ̀ náà dun Mardiyah. Ó fẹ́ ọkọ. Ó fẹ́ ọmọ. Ọkọ yìí gan-an ló sì fẹ́, ìyẹn gan-an ló ń pa á lára. Bí ó bá kórìíra rẹ̀ ni, ìbá ti sùn. Ó ń bi ara rẹ̀ pé ṣé kí òun gbé e mì ni, bí àwọn ìyá òun ti gbé tiwọn mì? Bó bá sì ti rò ó débẹ̀, á rántí orúnkún rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì pálọ̀ Ajíbóyè, ara rẹ̀ á tún gbóná.

Kò sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun ti mọ̀. Ó jẹ́ kí ọjọ́ mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ pé.

Àwọn Ajíbóyè gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú iṣu àti èso, nínú aṣọ tí wọ́n ti lọ̀ dáadáa. Ìyá Mardiyah ti yan ẹja tó dára jù nínú ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n gbàdúrà lọ́nà méjèèjì, ti Mùsùlùmí ṣáájú, ti Kìrìsìtẹ́nì tẹ̀ lé e. Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ pe ìyàwó wa kí ó wá kí wa."

Mardiyah jáde wá, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ káàbọ̀, mà. Bàbá mi, ìyá mi, ẹ kú ìnáwó. Níjọ́sí, mo kúnlẹ̀ báyìí dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Mo wá gba ọpẹ́ mi padà ni."

Ó dìde dúró.

Alhaji Fábíyìí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Mardiyah! Kí lo mu?"

"Bàbá, ẹ̀yin àti bàbá Mojúbà ò fohùn ṣọ̀kan lórí mọ́ṣáláṣí. Ẹ ò fohùn ṣọ̀kan lórí ṣọ́ọ̀ṣì. Orí èmi nìkan lẹ ti fohùn ṣọ̀kan. Ẹ pe olùkọ́ mi, ẹ ní mi ò lọ mọ́. Ẹ gba ohun tí mo fi ọdún mẹ́rin wá, ẹ fún ẹlòmíràn, ẹ wá ní kí n máa jó."

Bàbá rẹ̀ ní, "Àbúrò mi lọ sí Líbíà, kò padà. Wọ́n kàn pè wá pé wọ́n ti sin ín. Mi ò mọ ibojì rẹ̀ dòní. Ìwọ náà fẹ́ lọ... Kí ni kí n ṣe?"

Omi lé sí ojú Mardiyah, nítorí kò gbọ́ ọ rí pé ẹ̀rù ló ń ba bàbá òun. "Kí ẹ bi mí, Bàbá. Kí ẹ sọ fún mi pé ẹ̀rù ń bà yín. Ǹ bá ti gbọ́."

Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè ti dìde. "Nínú ilé tèmi, obìnrin kì í gbó àgbà lẹ́nu. Màmá Mojúbà, ẹ dìde, ká máa lọ. Mojúbà!"

Mojúbàolú dìde, ṣùgbọ́n kò gba ọ̀nà ilẹ̀kùn. Ó dojú kọ Alhaji, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó wá sọ̀rọ̀ láti orí ilẹ̀.

"Ẹ má bá Dádì mi jà, sà. Dádì ò mọ ọ̀nà ófíìsì Ọ̀jọ̀gbọ́n, èmi ni mo mú wọn lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n bi mí pé ṣé Mardiyah mọ̀ sí i. Mo ní ó mọ̀. Mo ní òun ló rán mi wá. Irọ́ ni mo pa."

Mardiyah yíjú sí i. Èyí kò dé etí rẹ̀ rí. Ó ti rò pé dídákẹ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ Mojúbàolú. Kò mọ̀ pé ó ti lanu, ó sì ti fi ẹnu náà sọ̀rọ̀ lórúkọ òun.

"Òun ló rán ọ," ló ń tún sọ, bí ẹni ń tọ́ nǹkan kíkorò wò. "Èmi ni mo rán ọ."

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Àwọn Ajíbóyè lọ. Iṣu wọn wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ìyá Mardiyah ń wò ó, kò mọ̀ bóyá kí òun dá a padà tàbí kí òun sè é.

Ìgbìmọ̀ náà fèsì: wọ́n gbà á padà. Ìyá rẹ̀ àti Àǹtí Rùkáyàt ló sìn ín dé pápákọ̀ òfurufú. Bàbá rẹ̀ kò wá.

Òtútù orí òkè náà ju ohun tí ó rò lọ, àmọ́ sánmà rẹ̀ mọ́ ju gbogbo ohun tó rí rí láyé. Ìmọ́lẹ̀ àwọn agbo náà kéré débi pé ó ní láti kó o jọ ní ìwọ̀nba ìwọ̀nba kí ó tó rí nǹkan kà. Nígbà tó ka ti Ojú Ológbò, ìta gbóná ju inú lọ, bí àwọn tó ṣáájú ti wí. Nígbà tó ka agbo ìràwọ̀ mìíràn tí kò sẹ́ni tó tíì wọ̀n, nọ́ńbà tó jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ èyí tí ìṣirò rẹ̀ ti sọ tẹ́lẹ̀. Ó dìde, ó fò sókè. Ẹ̀kẹta takò ó pátápátá, agbo náà tutù níbi tó yẹ kó ti gbóná. Ó jókòó, ó bá a jà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó tó rí i pé ìràwọ̀ àárín rẹ̀ ti ń kú lọ, kò tún rí ìmọ́lẹ̀ ta sí i mọ́.

Bí inú rẹ̀ ti dùn tó, ó ń bínú, nítorí ẹnì kan ṣoṣo ló wù ú kó sọ fún. Ó wo fóònù rẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀. Ó bú ara rẹ̀. Ó wá kọ ọ́ sí Mojúbàolú ní kúkúrú pé, "Ìṣirò náà bá a mu."

Èsì dé: "Mo gbọ́. O kú iṣẹ́." Kò sí ẹ̀bẹ̀ nínú rẹ̀, kò sí "jọ̀ọ́, dárí jì mí". Mardiyah dúró de ìyókù, kò dé. Ìyẹn ló jẹ́ kó sùn.

Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti gbọ́ èyí tó kù, lọ́jọ́ tí Alhaji pè é fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ọmọkùnrin yẹn wá síbí. Mo lé e. Ó tún wá. Ó ní kì í ṣe pé òun wá tọrọ rẹ, pé èmi lòun wá bẹ̀, nítorí òun parọ́ mọ́ ọmọ mi. Ó ti lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún olùkọ́ rẹ náà. Wọ́n ní ó ti kúrò nílé bàbá rẹ̀, ó ti gba iyàrá." Ó wá ní, "Ṣé o ń jẹun níbẹ̀?"

"Mò ń jẹun, Bàbá."

"Ó dáa. Máa bọ̀ nílé tí o bá parí."

Nígbà tó dé, ó ní kí Mojúbàolú wá sí Ẹ̀pẹ́. Wọ́n jókòó lórí pákó létí ọ̀sà, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń kan ọkọ̀. Ọkùnrin náà ti rù.

"Mo ṣì ń bínú," ni Mardiyah wí.

"Mo mọ̀."

"Ó lè pẹ́."

"Kí ó pẹ́."

"Lọ́jọ́ tí o bá tún fi ẹnu rẹ sọ̀rọ̀ lórúkọ mi láìbi mí, ọmọ ì báà wà láàárín wa, màá lọ. Kì í ṣe ìhàlẹ̀."

"Mo gbọ́." Ó wo omi. "Ṣé mo lè bi ọ́ ní ìbéèrè kan?"

"Bi mí."

"Ṣé o ṣì fẹ́ mi?"

Inú bí Mardiyah pé omijé ló kọ́kọ́ jáde kí ó tó rí èsì. "Èyí tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn," ló ní.

Ìyáàfin Ajíbóyè dá wá sí Ẹ̀pẹ́ kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé. Ó jókòó ti Mardiyah ní ìsọ̀ ìyá rẹ̀, ó ní, "Ohun tó o sọ lójú ọkọ mi lọ́jọ́ yẹn, ó ti ń gbé mi lọ́fun láti ọdún tí mo ti fẹ́ ẹ. Mi ò ní lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní bá ọ jà mọ́." Ó ra ẹja, ó lọ.

Ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti ṣègbéyàwó. Àwọn èèyàn tó wá kò pọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè wá lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ẹ̀bẹ̀, ó jókòó sẹ́yìn, ó fa ojú ro. Alhaji wọ agbádá funfun, ó jókòó síwájú gan-an. Akọ̀wé ìgbéyàwó bi Mojúbàolú, ó dáhùn. Ó wá yíjú sí Mardiyah, ó ní ṣé ó gbà láti fẹ́ ọkùnrin yìí.

"Ó gbà," ni Alhaji wí kí akọ̀wé tó pa ẹnu dé. "Ó gbà, sà."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mardiyah kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú wo bàbá rẹ̀ títí Alhaji fi gbé ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Ó wo Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéòjó, tó wá jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ó wo ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, níbi tí Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè wà. Ó wá wo Mojúbàolú, tí òógùn ti ń sàn ní ọrùn rẹ̀, tí kò la ẹnu, tó kàn ń dúró dè é.

Ó jẹ́ kí ó pẹ́ díẹ̀, kí gbogbo wọn lè mọ̀ pé ó lè sọ pé rárá.

"Mo gbà," ló wí.